KÁÀDÌ TÍ KÌ Í PARIWO: OHUN TÍ A RÍ NÍGBÀ TÍ A DÁN AN WÒ NÍ ÌLERÒ

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tí ó jẹ́ oníròyìn sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ jáde níhìn-ín fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, àti fún ẹ̀yin tí ẹ wá ṣùgbọ́n tí ẹ ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀.)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú ohun tí yóò wúlò fún àwọn ọ̀dọ́ wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, nítorí iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Pólì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú kọ́ o. Géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n parí ná.

Ṣé ẹ rántí? Àwa tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ọdún 2000, ta ni nínú wa ni kò fi owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ta géèmù rí? PlayStation 2 ló wà lóde nígbà náà. A ó tò yí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ká, a ó máa gbá Winning Eleven, ẹni tí wọ́n bá fún ní góòlù ní láti dìde fún ẹlòmíràn. Nígbà tí olùkọ́ bá dé ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé ni a máa ń gbà jáde. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Alága mọ ara wọn.

Ohun tí a fi ń ṣeré nígbà náà ti di ohun tí ọmọ ẹlòmíràn fi ń jẹun báyìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ MO FI ẸNU MI FÀ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan ní ìlú yìí. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, kò tíì rí ọ̀nà wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ń ṣe lébìrà lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà. Ọmọ náà kó owó jọ díẹ̀díẹ̀. Ó gba yàrá kan lójú títì, ó ra kọ̀ǹpútà tókunbọ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n 32 síwájú rẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá jáde, àwọn ọlọ́kadà ń wá lálẹ́.

Ní ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn géèmù tuntun ò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi. Wọ́n ní àfi kí n ra káàdì gíráfíìsì. Èwo ni kí n rà?"

Mo wà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wà níwájú mi. N kò bi í pé tẹlifíṣọ̀n wo ló ń lò. N kò bi í pé iná wo ló ń lò. N kò bi í pé ta ló wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn kan tí òyìnbó kọ nípa káàdì kan ni, mo sì ní, "Ra GTX 1050 Ti. Ó dáa, kò sì wọ́n." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbàgbé.

Ọmọ náà lọ sí ọjà ní ìlú ńlá kan. Owó iṣẹ́ lébìrà oṣù mẹ́ta ló san. Nígbà tí ó dé ilé tí ó kì í bọ inú ẹ̀rọ, bọ́ọ̀lù ń dúró lójú òfuurufú, agbábọ́ọ̀lù ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí iwin. Èyí tó burú jù ni fáànù káàdì náà. Ó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Màmá onílé tí ó ń sùn lẹ́yìn ògiri, àgbàlagbà tí oorun kì í tètè kùn, fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ o, ṣùgbọ́n bí oṣù yìí bá parí, kó ẹrù rẹ."

Nígbà tí mo wálé fún ọdún ni mo tó gbọ́. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, mo ṣí GPU-Z, ohun èlò ọ̀fẹ́ tí ó máa ń sọ irú káàdì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa tú àwọn ayédèrú fó. Bí káàdì kò bá jẹ́ ohun tí ó pe ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ FAKE ni yóò kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tí a rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ni wọ́n ń mú. Wọ́n á wá káàdì àtijọ́, irú GTS 450 tí ó jáde lọ́dún 2010. Wọ́n á pa orúkọ tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n á kọ orúkọ GTX 1050 Ti tí ó jáde lọ́dún 2016 sí i, wọ́n á lẹ bébà tuntun mọ́ ọn lẹ́yìn. Àkísà tí wọ́n pa láró ni. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò gbà pé òótọ́ ni, títí géèmù yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ojú lásán lè rí: bí ẹ bá rí ihò VGA, ihò aláwọ̀ búlúù àtijọ́ yẹn, lára káàdì tí wọ́n pè ní 1050 Ti, ẹ fura. Nvidia ti yọ irú iná àwòrán yẹn kúrò nínú ìran káàdì náà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé "ìwádìí wa fi hàn", èmi ni mo sọ ohun tí n kò wádìí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó tà á fún un jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ọmọ náà gbọ́ tí ó fi kúrò nílé.

Mo pinnu pé n óò ra òmíràn fún un látinú àpò ara mi. Mo sì pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí a ó dán an wò fúnra wa, nínú yàrá tirẹ̀, lórí iná tirẹ̀, kí màmá náà sì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

IṢẸ́ KÁÀDÌ YÌÍ DÀ BÍ IṢẸ́ AHUNṢỌ

Kí ni káàdì gíráfíìsì ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ ti rí àwọn ahunṣọ nídìí òfì, òwú tò síwájú wọn lọ gbọọrọ. Bí òwú bá ṣe pọ̀ tó nínú aṣọ ni aṣọ ṣe ń kúnná tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ahunṣọ ṣe ń pọ̀ tó.

Ojú tẹlifíṣọ̀n ni aṣọ náà. Àwọn àmì wínníwínní tí à ń pè ní píksẹ́lì ni òwú rẹ̀. Káàdì ni ahunṣọ. Ṣùgbọ́n ahunṣọ yìí kò ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi hun aṣọ kan o. Kí eré tó lè máa lọ geere lójú, aṣọ 60 ni ó gbọ́dọ̀ hun láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ó bá hun 30, eré ṣì ṣeé wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ń ta á yóò máa wúwo. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí 30, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹni tí wọ́n bá fún ní góòlù yóò ní ẹ̀rọ ló fà á.

Ìwọ̀n aṣọ mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Ti 720 jẹ́ 1280 ní ìbú àti 720 ní gíga, píksẹ́lì 921,600 nìyẹn. Ti 1080 jẹ́ 1920 ní 1080, píksẹ́lì 2,073,600. Ti 1440 jẹ́ 2560 ní 1440, píksẹ́lì 3,686,400. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K jẹ́ 3840 ní 2160, píksẹ́lì 8,294,400. Ẹ wò ó dáadáa: 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 1080. Ẹni tí ó bá ní kí ahunṣọ kan náà hun 4K fún òun, ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ ni ó gbé lé e lọ́wọ́, ó sì ń retí pé kí ó parí ní àkókò kan náà.

Káàdì tí mo rà ni GTX 1660 Super, tókunbọ̀. Ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Kì í ṣe ọba láàrin káàdì, kì í sì í ṣe ẹrú. Ọmọ àárín ni. Ó ní mẹ́mọ́rì 6GB, iná tí ó ń jẹ kò ju 125 watt lọ bí wọ́n ṣe ṣe é, fáànù ńlá méjì ló wà lára èyí tí mo rà, wọn kì í sì í yí rárá nígbà tí iṣẹ́ kò bá sí.

Ṣùgbọ́n káàdì yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń wa owó Ethereum lò tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Ethereum yí ìlànà rẹ̀ padà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, iṣẹ́ yẹn parí, wọ́n sì kó àwọn káàdì náà sọ́jà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rà á lójú lásán ń ta tẹ́tẹ́ ni. Nítorí náà n kò sanwó títí tí a fi tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí níwájú ẹni tí ó ń tà á, tí a fi Unigine Heaven, ohun èlò ìdánwò ọ̀fẹ́, dá iṣẹ́ sí i lára. A ń wò bóyá àmì aláwọ̀ mèremère yóò máa fò lójú àwòrán, bóyá fáànù ń gbọ̀n, bóyá ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó tà á kò bínú. Ó ní, "Ọ̀gá, bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe báyìí, àwa náà ì bá sùn dáadáa."

BÍ A ṢE DÁN AN WÒ

Ìdánwò tí kò ní òfin, ìsọkúsọ ni. Òfin tí a fi lélẹ̀ nìyí: géèmù kan náà, apá kan náà nínú géèmù, ètò kan náà. Ìwọ̀n àwòrán nìkan ni a ó máa yí padà. A ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A ó jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí gbogbo ẹ̀rọ tútù ló ń ṣe bí ọ̀dọ́. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó kó ọmọ mẹ́fà sínú yàrá bí ó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ iṣẹ́. Ohun èlò kan tí ń jẹ́ MSI Afterburner ni a fi ka iye àwòrán, ìgbóná, àti bí fáànù ṣe ń yí.

Géèmù tí a lò ni GTA V, èyí tí ó jáde fún kọ̀ǹpútà lọ́dún 2015, nítorí ó ní ìdánwò tirẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà a gbá bọ́ọ̀lù, nítorí bọ́ọ̀lù ló ń mú owó wọlé. Kọ̀ǹpútà ọmọ náà, Core i5 ìran kẹrin ni, irú èyí tí ó jáde lọ́dún 2013.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 720. Iye àwòrán ju 80 lọ díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dáa, àmọ́ ewé ara igi dà bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀.

A gbé e sí 1080. Mo ti ń retí pé yóò já wálẹ̀ gan-an, nítorí iṣẹ́ ti lé ní ìlọ́po méjì. Ẹ gbọ́ o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bùọ̀dá, àbí ẹ̀rọ ń parọ́ ni?" Kò parọ́. Ẹ padà sídìí òfì. Bí ẹni tí ó ń ran òwú bá lọ́ra, bí ahunṣọ yá bí ẹ̀fúùfù, òwú tí wọ́n bá ràn fún un náà ni yóò hun. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń ran òwú. I5 àtijọ́ yẹn kò lè pèsè ju 80 àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ní 720 ńṣe ni káàdì ń káwọ́ gbera. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: bí ẹ bá sọ ìwọ̀n àwòrán kalẹ̀ tí iye kò gòkè, ẹ má ṣe lọ ra káàdì mìíràn. Ibòmíràn ni àìsàn wà.

A lọ sí 1440. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò ní ìwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n Nvidia ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní DSR láti ọdún 2014, tí ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán tó tóbi ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ, kí ó tó sún un kì. Iye wá sí bíi 60. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni.

Ìgbẹ̀yìn ni 4K. Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí ló yá wa ní tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Nígbà tí àwòrán yọ, gbogbo ọmọ tó wà nínú yàrá pariwo. Ó dán, ó mọ́, o lè ka irun orí ènìyàn. Ṣùgbọ́n iye ti já sí ọgbọ̀n lé díẹ̀, ó sì ń rẹlẹ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà. Fáànù méjèèjì ta kìjí. Láàrin ìṣẹ́jú 10, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká padà sí tàná." Kò mọ orúkọ 1080, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ níbẹ̀. Iye àárín máa ń tan ènìyàn jẹ. Mọ́tò lè sáré 100 láàrin kòtò méjì, kí ó sì rá pálá nínú kòtò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pín in, àárín rẹ̀ yóò dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yóò máa ro ẹni tó wà nínú rẹ̀. Iye tó rẹlẹ̀ jù ni kí ẹ máa wò. Ní 1080, ó ṣòro kí tiwa tó rẹlẹ̀ sí 60. Ní 4K, kòtò pọ̀.

OJÚ ÈNÌYÀN NÁÀ NÍ ÌWỌ̀N

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n 4K rẹwà jù." Òótọ́ ni, bí o bá sún mọ́ ọn. Tẹlifíṣọ̀n 32 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 71. Bí a bá pín in sí 1920, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì mìlímítà, bíi 0.37 ni. Ojú tó dá ṣáká, bí ó bá jìnnà tó mítà 2, àmì tí kò bá tó bíi 0.6 mìlímítà yóò ti máa dà pọ̀ lójú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí bẹ́ǹṣì tó wà ní mítà 2 ni àwọn ọmọ ń jókòó sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú wọn kò tilẹ̀ lè rí gbogbo ohun tí 1080 gbé jáde, áńbọ̀sìbọ́sí 4K. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́ ààfin fún eku, ológbò ni yóò gbé inú rẹ̀.

MÀMÁ NI ẸLẸ́RÌÍ

Ó ku ọ̀rọ̀ ariwo. A padà sí 1080, a sì ṣe ohun kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: a dá káàdì dúró sí 60. A ní kó má ṣe hun ju aṣọ 60 lọ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá, bí agbára rẹ̀ bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà kò lè fi ju 60 hàn, kí ni a fẹ́ fi ìyókù ṣe? Kíá, iná tí ó ń jẹ lọ sílẹ̀, ìgbóná lọ sílẹ̀, fáànù rọ̀. Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló máa ń ya. Káàdì tí ẹ kò bá lé eré, kò ní mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, iná ìjọba wà. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, a sọ ohùn tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ pátápátá. Mo lọ kan ilẹ̀kùn màmá.

"Màmá, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ariwo ẹ̀rọ yẹn ń dé ọ̀dọ̀ yín?"

Wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti tàn án ni?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Màmá tẹ̀ lé mi wá, wọ́n yọjú wo àwọn ọmọ náà, wọ́n ní kí ọmọ náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ni kí ó máa pa á. Títí di òní wọn kò lé e.

INÁ, OORU ÀTI ERUKU

Ìròyìn tí mo kà ní Ìbàdàn, inú yàrá tútù ni òyìnbó ti ṣe ìdánwò tirẹ̀. Àwa tí a wà ní Òkè-Ògùn, ní oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán lè tó 35. Fáànù kò lè fi atẹ́gùn gbígbóná mú nǹkan tutù dáadáa. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku tó ń ti àríwá bọ̀ yóò dì sáàrin irin káàdì. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì máa fi bírọ́ọ̀ṣì kíkúnná gbá a lóṣooṣù. Ẹ pa á kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ o, kí ẹ sì di fáànù mú kó má yí.

Ti iná ńkọ́? Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ní lítà kan ti ju 480 lọ. Láti ìgbà náà, watt kọ̀ọ̀kan ti di owó. Gbogbo ẹ̀rọ ọmọ náà pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, ká ní wọ́n jẹ 250 watt. Bátìrì ńlá kan ti 12 volt, 200Ah, watt-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí á lò kó má baà tètè kú, 1,200 nìyẹn. Ẹ pín in sí 250: kò pé wákàtí 5, ẹ̀rọ invẹ́tà yóò sì tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tó láti ta géèmù láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá màmá, láìtan jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá jẹ́ káàdì ńlá tí òun nìkan ń jẹ 350 watt, kò ní pé wákàtí 3 tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Alága wa, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ wa ti ń dá owó jọ láti ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ọmọ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán eré, kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù fúnra wọn. Kì í ṣe àlá lásán. Abíọ́lá Ọláníran tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ dá Gamsole sílẹ̀ lọ́dún 2012. Ní ọdún kan náà ni Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní Kamẹrúùnù, ilé iṣẹ́ Kiro'o ní Yaoundé gbé Aurion jáde lọ́dún 2016, géèmù tí wọ́n fi àṣà ilẹ̀ Áfíríkà hun. Ọmọ Ìlerò náà ní orí.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ kí á ra ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n 4K, kí ojú gbogbo ènìyàn lè rí i pé ẹgbẹ́ ṣe nǹkan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo tọrọ àforíjì. Ẹ̀rọ kan fún odidi kíláàsì, ọmọ mélòó ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kàn án lóòjọ́? Ẹ jẹ́ kí á ra díẹ̀ tí ó mọ níwọ̀n, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1080, tí káàdì rẹ̀ jẹ́ ọmọ àárín, tí kò ní pariwo mọ́ olùkọ́ lórí, tí iná tí a bá ní yóò sì lè gbé. Owó kan náà lè fi ọmọ púpọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ohunkóhun tí a bá sì pinnu, ẹ má ṣe jẹ́ kí á sanwó kí a tó dán an wò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi rà á, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á rà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan jókòó tì í fún ìdajì wákàtí, kí ó ka ohun tí ó bá rí sílẹ̀, kí ó fi ọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ń wá ẹni náà, mo ti mọ ọmọ kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì. Ó ti ń dán ti àwọn ẹlòmíràn wò fún wọn báyìí kí wọ́n tó rà á. Káàdì ayédèrú yẹn ni ó so mọ́ ògiri, ó sì kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: "Wò ó dáadáa."

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ibẹ̀, mo máa ń kà á. Èmi ni ó ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ bẹ́ẹ̀.